Ta Ni Yóò Bi Alágbàtọ́ Léèrè?

Ní Alafiarou, ọ̀kan nínú àwọn agbègbè méje tí ó para pọ̀ di kọ́múùnù Tchaourou ní ẹkùn Borgou, orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ọ̀rọ̀ Faransé kan wà tí ẹni tí kò kàwé pàápàá mọ̀: "tuteur". Ọmọ tí wọ́n rán lọ sí Parakou tàbí Cotonou láti lọ kàwé tàbí kọ́ṣẹ́, ẹni tí ó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ni tuteur rẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó ṣí kúrò ní Atacora, tí ó wá tọrọ ilẹ̀ tí yóò fi kọ ebè iṣu, onílẹ̀ tí ó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ ni tuteur tirẹ̀. Bí ó bá di ọ̀rọ̀ màlúù, Nàgó tàbí Ìbàrìbá tí ó rí owó ra ẹran kì í sábà dà á fúnra rẹ̀. Fúlàní ni yóò fà á lé lọ́wọ́, kí ó máa bá a sìn ín. Ọ̀rọ̀ kí a fi ohun tí ó ṣe iyebíye sí ìkáwọ́ ẹlòmíràn kò ṣàjèjì ní àgbègbè yìí rárá, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ pé nígbà mìíràn ó máa ń dára, nígbà mìíràn ó sì máa ń bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Bí ó bá bàjẹ́, ìwà alágbàtọ́ ni a máa ń dá lẹ́bi: a ó ní ìkà ni, a ó ní ojúkòkòrò ló ní. Èrò tèmi yàtọ̀. Kì í ṣe inú rere alágbàtọ́ ni ó ń mú kí ìgbàtọ́ dúró déédéé. Ohun tí ó ń mú un dúró ni pé ẹnìkan wà nítòsí tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti bi alágbàtọ́ léèrè, tí alágbàtọ́ sì mọ̀ pé òun kò lè ṣàì dáhùn. Níbi tí ẹni bẹ́ẹ̀ kò bá sí, ọmọ yóò di ẹrú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pinnu bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé ìtàn ọ̀rọ̀ tiwọn, "guardian", kún fún ẹ̀kọ́. Inú èdè àwọn ẹ̀yà Jámánì àtijọ́ ni gbòǹgbò rẹ̀ wà, kò sì ju kí ènìyàn máa ṣọ́ nǹkan lọ. Àwọn Faransé yá a lò, àwọn Nọ́mánì tí ó ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066 sì gbé e débẹ̀. Nítorí pé ahọ́n àwọn Faransé kan ń fi "g" bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tí ti àwọn mìíràn ń fi "w", "guardian" àti "warden" jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. "Ward", orúkọ tí wọ́n ń pe ọmọ tí a fi sí ìkáwọ́ alágbàtọ́, wá láti inú ẹbí yẹn bákan náà. Kò sí títọ́ ọmọ nínú gbòǹgbò yẹn. Iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ló wà níbẹ̀. Bí wọ́n sì ṣe lò ó ní ayé àtijọ́ nìyẹn. Bí jagunjagun tí ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ olúwa rẹ̀ bá kú, tí àrólé rẹ̀ kò tíì tójú bọ́, olúwa náà yóò gba ọmọ àti ilẹ̀ pọ̀. Òun ni yóò máa jẹ èrè ilẹ̀ náà títí ọmọkùnrin yóò fi pé ọdún 21. Òun ni yóò yan ẹni tí ọmọ náà yóò fẹ́, yóò sì gbowó lé e lórí. Ó sì lè ta ipò alágbàtọ́ náà fún ẹni tí owó rẹ̀ bá pọ̀ jù. Nígbà tí àwọn ìjòyè fipá gba ìwé àdéhùn Magna Carta lọ́wọ́ Ọba John ní 1215, wọ́n ní láti kọ ọ́ síbẹ̀ pé alágbàtọ́ kò gbọdọ̀ kó ju èrè tí ó tọ́ lọ, pé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ilé, adágún ẹja àti ilé ọlọ bàjẹ́. Síbẹ̀, ní 1540, Ọba Henry Kẹjọ dá ilé ẹjọ́ kan sílẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa rí owó fún àpò ọba lára àwọn ọmọ aláìní-baba wọ̀nyí. Ó di 1660 kí òfin tó fagi lé e.

Ohun tí ó mú mi mẹ́nu ba ìtàn yìí ni pé, ní orílẹ̀-èdè kan náà, ní àkókò kan náà, irú alágbàtọ́ mìíràn wà. Àwọn àgbẹ̀ tí kì í ṣe iṣẹ́ ogun ni wọ́n fi ń san ìṣákọ́lẹ̀ wọn ní òfin tiwọn: bí bàbá bá kú, ìbátan tí kò lè jogún ilẹ̀ náà ni wọ́n ń fa ọmọ lé lọ́wọ́, kí ikú ọmọ má baà di èrè fún un. Òfin Marlborough ti 1267 sì là á mọ́lẹ̀ pé bí ọmọ bá dàgbà, alágbàtọ́ yóò jókòó, yóò ṣírò fún un gbogbo ohun tí ó gbà àti ohun tí ó ná. Orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ́. N kò rò pé ẹ̀jẹ̀ àwọn olúwa ilẹ̀ burú ju ti àwọn àgbẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹnìkan lè pe àgbẹ̀ kí ó wá ṣírò, kò sì sí ẹni tí ó lè pe olúwa.

Tuteur ní tirẹ̀, Róòmù ni ó ti wá. Nínú òfin Tábìlì Méjìlá, tí àwọn ará Róòmù kọ ní nǹkan bíi 450 ṣáájú ìbí Jésù, ìbátan tí ó súnmọ́ jù, tí ó jẹ́ pé òun gan-an ni yóò jogún bí ọmọ bá kú, ni wọ́n ń fi ṣe alágbàtọ́. Ewu tí ó wà níbẹ̀ kò fara sin fún wọn, nítorí wọ́n fàyè gbà á pé kí a pe alágbàtọ́ tí a bá fura sí lẹ́jọ́, kí a sì yọ ọ́; èyí tí ó bá jí nínú ohun ìní ọmọ yóò san án ní ìlọ́po méjì. Ìwé òfin Faransé ti 1804 tẹ̀ lé ipa yìí, ó sì fi ohun kan kún un tí mo kà sí ọgbọ́n jù nínú gbogbo rẹ̀: ìgbìmọ̀ ẹbí, pẹ̀lú alágbàtọ́ kejì tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó máa ṣọ́ alágbàtọ́ àkọ́kọ́. Ojú òpó yẹn ni ìwé òfin ẹbí Bẹ̀nẹ̀, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 24 Oṣù Kẹjọ 2004, tọ̀ wọ orílẹ̀-èdè wa, pẹ̀lú adájọ́ tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí kò ní òbí. Èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà nínú rẹ̀ ní abúlé ni orúkọ náà. Alágbàtọ́ kejì kò bá a wọlé.

Kì í ṣe pé a nílò òyìnbó kí a tó mọ èyí. Òwe kan wà tí àwọn baba wa fi pa ààlà láàrin ọmọ àti ẹrú: ẹrú kú, ìyá kò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta. Òwe náà kò sọ pé ẹrú ni ń jìyà tí ọmọ ń gbádùn, nítorí ọmọ náà ń roko, ó ń pọnmi, ó sì ń jẹ ẹgba nígbà tí ó bá yẹ. Ohun tí ó fi ya àwọn méjèèjì ni pé ìyá ọ̀kan wà níbi tí ìròyìn lè dé, ìyá èkejì kò sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà fìdí èyí múlẹ̀. Ọmọ tí ẹbí fi dúró fún owó tí wọ́n yá, tí ó ń fi iṣẹ́ ara rẹ̀ san èlé, ń ṣiṣẹ́ lóko olówó gẹ́gẹ́ bí ẹrú ṣe ń ṣe é. Síbẹ̀ Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní 1921, tẹnu mọ́ ọn pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú, pé òmìnira rẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni ó dáàbò bò ó? Kì í ṣe àánú olówó. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ni, tí wọ́n mọ ilé tí ó wà, tí wọ́n mọ iye tí wọ́n jẹ, tí wọ́n sì lè gbé owó náà wá lọ́jọ́kọ́jọ́ kí wọ́n sì mú ọmọ wọn lọ.

Ẹni tí ó bá mọ Borgou dáadáa yóò ta kò mí níbí. Yóò ní àṣà àwọn Ìbàrìbá, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Baatonu, fi hàn pé ìgbàtọ́ lè dára láìjẹ́ pé òbí béèrè ohunkóhun. Òótọ́ ni ó ń sọ dé ìwọ̀n kan. Erdmute Alber, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jámánì tí ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ọ̀rọ̀ yìí ní àríwá Bẹ̀nẹ̀, rí i pé ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn àgbàlagbà Baatonu ní ìgbèríko ni kò dàgbà lọ́dọ̀ òbí tí ó bí wọn. Àbúrò bàbá, ẹ̀gbọ́n bàbá lóbìnrin, ìyá àgbà tàbí ìbátan mìíràn yóò wá tọrọ ọmọ, òbí kò sì gbọdọ̀ sọ pé rárá. Ìtìjú ni fún òbí láti fi hàn lójú gbogbo ènìyàn pé ọmọ tí òun bí jẹ òun lógún ju ọmọ ẹlòmíràn lọ, ìtìjú tí ó sì ju ìyẹn lọ ni kí ó padà lọ gbà á. Alágbàtọ́ ni òbí gan-an lójú wọn. Òun ni yóò ṣe ìnáwó ìgbéyàwó ọmọ náà nígbà tí ó bá tó àkókò. Bí ìyá tí ó bí i kò bá lè béèrè, ṣé èrò mi kò ti wó lulẹ̀?

Kò wó. Ẹnu ìyá nìkan ni àṣà náà pa mọ́, kò pa ẹnu ìlú mọ́. Ẹni tí ó tọrọ ọmọ kì í ṣe àjèjì. Ìbátan ni, inú ẹbí kan náà ni wọ́n ti ń fi ọmọ fún ara wọn láti ìran dé ìran. Ẹni tí ó gba ọmọ lónìí, ọmọ tirẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lánàá. Bí ọmọ bá rù, gbogbo àgbàlá ló rí i. Ìnáwó ìgbéyàwó tí alágbàtọ́ jẹ ní gbèsè pàápàá jẹ́ ìṣírò tí a ṣe ní gbangba lójú gbogbo ẹbí, bí a kò tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé kankan. Àwọn Yorùbá náà ń sọ pé ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ. A máa ń ka igba yẹn sí igba ọwọ́ tí ń fún ọmọ lóúnjẹ. Èmi kà á sí igba ojú pẹ̀lú.

Ẹ̀rí tí ó le jù wà ní Borgou kan náà. Ní ayé àtijọ́, bí eyín òkè ọmọ Ìbàrìbá bá kọ́kọ́ hù ṣáájú ti ìsàlẹ̀, wọ́n gbà pé àjẹ́ ni, pé yóò mú ikú wọ ilé. Wọ́n pa nínú wọn. Àwọn tí wọn kò pa, wọ́n fà wọ́n lé àwọn Fúlàní lọ́wọ́. Wọ́n fi ọmọ sí ìkáwọ́ ẹlòmíràn láti tọ́ gẹ́gẹ́ bí ti tẹ́lẹ̀. Kódà àwọn Fúlàní tí wọ́n gbà wọ́n ni wọ́n gba ẹ̀mí wọn là. Ṣùgbọ́n ní tibí, kò sí ẹni tí ó fẹ́ gbọ́ ìròyìn ọmọ náà mọ́, kò sí ẹ̀gbọ́n bàbá tí yóò yà wò ó, kò sí ìgbéyàwó tí ẹbí ń retí. Kí ni àwọn ọmọ wọ̀nyí dà? Wọ́n dara pọ̀ mọ́ àwọn ẹrú àti ọmọ ẹrú àwọn Fúlàní, wọ́n di apá kan ẹ̀yà tí a ń pè ní Gando títí di òní, àwọn ènìyàn tí ń sọ èdè Fúlàní tí wọn kì í kà sí Fúlàní. Ilẹ̀ kan náà, òbí Ìbàrìbá kan náà, ọmọ tí a fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ bákan náà: èyí tí a ń bèèrè rẹ̀ di ọmọ ilé, èyí tí a kò bèèrè rẹ̀ di ẹrú. N kò mọ ẹ̀rí tí ó tún ṣe kedere ju èyí lọ.

Ọ̀rọ̀ màlúù kò gbà wá lákòókò púpọ̀. Àdéhùn ibẹ̀ yé tọ̀tún tòsì: wàrà jẹ́ ti darandaran, ẹran àti ọmọ rẹ̀ jẹ́ ti olówó, owó tàbí ọmọ màlúù kan sì lè wà fún iṣẹ́ náà láti ìgbà dé ìgbà. Olówó yóò máa lọ sí gáà, yóò kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò bèèrè èyí tí kò rí. Bí ọ̀kan bá kú, alágbàtọ́ ní láti ṣàlàyé ikú tí ó pa á. Kò sí Fúlàní tí ó ka èyí sí ìwọ̀sí. Ó yà mí lẹ́nu pé bàbá tí ó mọ iye màlúù rẹ̀ tí ó lóyún lè má mọ kíláàsì tí ọmọ rẹ̀ tí ń gbé ní Cotonou wà. Ti ilẹ̀ náà bákan náà: àlejò ń kọbè, kò gbọdọ̀ gbin igi, pàápàá kajú, nítorí igi ni ẹ̀rí oní-nǹkan, tuteur rẹ̀ sì ni ìlú yóò pè bí àlejò bá ṣẹ̀. Gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ló mọ ẹni tí yóò dáhùn fún ẹnì kejì.

Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ ni ibi tí ọ̀nà ti jìn. Àwọn Fọ̀n ní orúkọ fún ọmọ tí a fi sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, "vidomègon", orúkọ tí kò ní àbùkù kankan nínú ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ti abúlé lọ sí ọjà Cotonou, tí ẹni tí ń mú un lọ kì í ṣe ìbátan mọ́ bí kò ṣe alágbàtà, orúkọ yẹn di orúkọ ọmọ ọ̀dọ̀ tí ń jí ṣáájú àkùkọ. Ní Oṣù Kẹrin 2001, gbogbo ayé gbọ́ nípa ọkọ̀ ojú omi Etireno tí ó gbéra ní Cotonou, tí Gabon àti Cameroon lé padà, tí àwọn ọmọ tí wọ́n ń kó lọ ṣiṣẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Ní 2003, wọ́n kó àwọn ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tí ó ju 100 lọ padà sílé láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní Abẹ́òkúta. Agbègbè Zakpota ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá. Abẹ́òkúta kò jìn sí ààlà Bẹ̀nẹ̀, ṣùgbọ́n ó jìn sí ìyá tí kò mọ orúkọ àdúgbò tí ọmọ rẹ̀ wà. Ẹnu alágbàtà nìkan ni ìròyìn ń gbà dé ilé, ẹni tí ń jẹ èrè iṣẹ́ ọmọ náà ló sì ń sọ pé àlàáfíà ló wà.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìṣẹ́ Áfíríkà nìkan ló fà á. Victoria Climbié, ọmọ Ivory Coast, òbí rẹ̀ fà á lé ìbátan bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ kí ó lè lọ kàwé ní Yúróòpù. Ìwé ìrìnnà ọmọ mìíràn ni ó bá wọ London, orúkọ mìíràn ni wọ́n sì ń pè é níbẹ̀. Ó kú ní 25 Oṣù Kejì 2000, ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, lẹ́yìn ìyà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba rí àmì rẹ̀ léraléra tí ẹnì kankan kò béèrè dé òpin. Ṣáájú èyí, láti nǹkan bíi 1955 lọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà ní Britain, tí Yorùbá pọ̀ nínú wọn, ti ń polówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World pé àwọn ń wá ilé òyìnbó tí yóò bá àwọn tọ́ ọmọ, kí wọ́n lè ráyè kàwé. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ náà rí ìfẹ́, àwọn kan rí nǹkan mìíràn. Òfin tí ó wà níbẹ̀ lónìí sọ pé bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 bá máa gbé fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe òbí tàbí ìbátan rẹ̀ tímọ́tímọ́, kí ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́, kí òṣìṣẹ́ sì máa lọ wo ọmọ náà, ó kéré tán ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà ní ọdún àkọ́kọ́. Wọ́n ti ń san owó oṣù fún igba ènìyàn náà.

Nítorí náà, àwọn kan yóò ní kí a fi í sílẹ̀ fún òfin. Bẹ̀nẹ̀ ní òfin: ti 10 Oṣù Kẹrin 2006 kà á léèwọ̀ kí a mú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kúrò lọ́dọ̀ òbí rẹ̀ lọ sí ibòmíràn láàrin orílẹ̀-èdè láìgba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ aláṣẹ ibi tí ó ń gbé, ìwé òfin ọmọdé ti 2015 sì tún wà. Mo gbà pé òfin wọ̀nyí dára. Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ ń bi ni léèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní ọjọ́ tí ọmọ ń lọ, nígbà tí ojú gbogbo ènìyàn ṣì dára. Ìdáhùn tí a nílò wà ní oṣù kẹjọ, ní ọdún kẹta. Àwọn mìíràn yóò ní kí a pa àṣà náà rẹ́ pátápátá, pé òwò ẹrú ni gbogbo rẹ̀. Èyí ni mo kọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìgbèríko ni kò bá tí rí ilé ẹ̀kọ́ gíga bí kò bá sí ẹni tí ó gbà wọ́n sílé ní ìlú, ọ̀pọ̀ ọmọ aláìní-baba ni kò bá tí rí ibi forí sí. Ẹni tí ó bá so ìyá àgbà tí ń tọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Alafiarou pọ̀ mọ́ alágbàtà Etireno kò ran ọmọ kankan lọ́wọ́.

Àtakò tí ó kù ni èyí tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà: pé bíbi ẹni tí ń bá ni tọ́mọ léèrè jẹ́ àìmoore, pé ó ń fi hàn pé a kò fọkàn tán an. Ṣùgbọ́n alágbàtọ́ rere ni ìbéèrè ń gbè. Ọjọ́ tí ọmọ bá ṣàìsàn, tàbí tí ó bá sá kúrò nílé, ẹni tí a ti ń bi léèrè láti ìbẹ̀rẹ̀ ní ẹlẹ́rìí. Ẹni tí a kò bi rí ni gbogbo ìlú yóò fura sí.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń múra láti fa ọmọ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ nígbà tí ilé ìwé bá tún wọlé, ẹ gba ìwé àṣẹ náà, ṣùgbọ́n ẹ má dúró níbẹ̀. Ẹ wá ẹnì kejì ní ìlú tí ọmọ ń lọ, ìbátan, olùkọ́, ọmọ Tchaourou kan tí ó ń gbé ibẹ̀, ẹni tí kò ní jẹ èrè kankan lára iṣẹ́ ọmọ náà, kí ó máa yà wò ó lóṣooṣù, kí ó sì máa bá a sọ̀rọ̀ lóun nìkan. Fóònù kò tó, nítorí ẹni tí ó ni fóònù ni yóò dúró ti ọmọ nígbà tí ó bá ń sọ fún yín pé ara òun le. Ẹ sọ orúkọ ẹnì kejì yìí lójú alágbàtọ́ kí ọmọ tó gbéra. Bí alágbàtọ́ bá bínú pé ẹ fẹ́ fi ẹnìkan ṣọ́ òun, ẹ má fi ọmọ náà sílẹ̀ fún un.